Ọjọ́ Kan Láti Calavi: Ibi Méjì La Óò Wò, Ẹ̀ẹ̀mẹta La Óò Jẹun



Ọ̀pọ̀ yín ló ń gbèrò láti kó ẹbí sínú ọkọ̀ nígbà ìsinmi, kẹ́ ẹ lọ wo ilẹ̀ Benin. Lónìí, ẹ jẹ́ ká jọ ṣètò ọjọ́ kan ṣoṣo láti Abomey-Calavi, ìlú tó fẹ̀gbẹ́ kan Kútọnu. Ibi méjì la óò wò, ẹ̀ẹ̀mẹta la óò jẹun. Ó lè dà bíi pé ó kéré létí yín, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Àwọn àlejò máa ń fẹ́ fi ọjọ́ kan rí Ganvié, Ouidah, Àjàṣẹ́ àti ààfin Àgbómẹ̀. Ààfin àwọn ọba Dàhòmì, tí UNESCO ti kà mọ́ ogún gbogbo ayé láti 1985, wà ní Àgbómẹ̀, nǹkan bí 140 kìlómítà sí Kútọnu lápá àríwá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ tàn yín: ọ̀tọ̀ ni Àgbómẹ̀, ọ̀tọ̀ ni Abomey-Calavi. Àjàṣẹ́ wà ní ìlà-oòrùn Kútọnu, Ouidah wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo wọn lọ́jọ́ kan, ojú títì nìkan ni yóò rí. Ẹ fi ọjọ́ mìíràn sílẹ̀ fún Àgbómẹ̀ àti Àjàṣẹ́; Ganvié àti Ouidah ni ibi méjì tiwa.

Calavi ni kẹ́ ẹ sùn sí. Ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, nítorí náà, láàárọ̀, ọkọ̀ àti ọ̀kadà máa ń rọ́ gba Godomey lọ. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún rọ́ padà. Ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ganvié wà ní Calavi gan-an. Nígbà tí ọ̀nà bá ń dí, orí omi lẹ ó wà.

Kí agogo mẹ́jọ tó lù, ẹ ti jẹ àtàsì: ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, tí wọ́n bu ọbẹ̀ ata díndín lé, pẹ̀lú ẹyin tàbí wàrà. Yunifásítì Abomey-Calavi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970, wà nínú ìlú yìí, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì pọ̀ sí, oúnjẹ àárọ̀ kì í wọ́n níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó di etí omi. Ẹ béèrè iye owó kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀, kẹ́ ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì níbi tí wọ́n ti ń tà á, kẹ́ ẹ sì wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Orí ọ̀sà Nokoué ni Ganvié wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Sô-Ava. Òpó igi ni wọ́n fi gbé ilé, ọjà àti ilé ìjọsìn ró lójú omi. Àwọn Tofinu ló ni ibẹ̀. Àwọn baba ńlá wọn sá wọ inú omi nígbà tí àwọn akónilẹ́rú ń dààmú ilẹ̀. Ìtàn wọn sọ pé èèwọ̀ àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kò gbà kí wọ́n jagun lójú omi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ẹ̀gùn Màkóko ní Èkó, etí omi ilẹ̀ Benin ni ìran wọn ti wá.

Ẹ ní kí atukọ̀ ṣàlàyé àkájà fún yín. Àwọn apẹja a máa ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi tí kò jìn. Bí ẹ̀ka náà bá ti ń jẹrà, ẹja á wá síbẹ̀ wá jẹun, wọ́n á fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn apẹja á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á fa igi jáde, wọ́n á kó ẹja. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lórí omi yẹn, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ nípa rẹ̀. Àárọ̀ náà lẹ ó rí àwọn obìnrin tó ń ná ọjà nínú ọkọ̀ àjẹ̀. Ẹ má kàn yọ fóònù sí wọn. Ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ kí wọ́n ya àwọn. Ẹ tọrọ àyè ná.

Nígbà tó bá fi máa di agogo mọ́kànlá, ẹ ti padà sórí ilẹ̀. Ẹ ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó dání. Irú èyí tí wọ́n ń gbìn lágbègbè Calavi àti Allada máa ń tutù yọ̀yọ̀ bí ewé lára bó tilẹ̀ ti pọ́n, inú rẹ̀ funfun, ó dùn ju èyí tó pupa lọ. Ẹ gba Godomey, ẹ yà síhà ìwọ̀-oòrùn, ẹ gba Cococodji àti Pahou dé Ouidah.

Ẹ jẹun ọ̀sán kẹ́ ẹ tó wo ohunkóhun, nítorí oòrùn ọ̀sán kì í ṣe oòrùn ìrìn. Ẹ béèrè amiwo: ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì àti omi ẹran rò, tó pọ́n dáadáa, pẹ̀lú adìẹ díndín. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ilé àwọn mọnámọná, ejò tí kò ní oró, tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ńlá. Odi tí àwọn Potogí kọ́ ní 1721 náà kò jìnnà síbẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe ti ń lọ nílùú náà láti ọdún mélòó kan. Ẹ pe afinimọ̀nà ṣáájú, kẹ́ ẹ mọ ibi tó ṣí.

Bí oòrùn bá ti rọ̀, ẹ kọrí sí ọ̀nà àwọn ẹrú, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin dé etíkun, níbi tí wọ́n kọ́ Ilẹ̀kùn Àìpadàbọ̀, ohun ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, sí ní 1995. Ẹ má fi ibẹ̀ ṣe ibi àyàwòrán-lọ. Ní 1860, Ouidah ni wọ́n ti kó èèyàn bí 110 sínú ọkọ̀ Clotilda lọ sí Alabama ní Amẹ́ríkà. Ọmọ Yorùbá kan, Kossola, tí wọ́n wá ń pè ní Cudjo Lewis, wà nínú wọn. Ní 1927, ó sọ fún òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston bí ogun Dàhòmì ṣe kó ìlú òun. Ó wà láyé títí di 1935, kò sì padà rí ilé mọ́. Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ níbẹ̀, kẹ́ ẹ fún wọn láyè láti béèrè ìbéèrè. Torí wákàtí yìí gan-an ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ má kó ibi púpọ̀ jọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ gba ọ̀nà etíkun, Route des Pêches, padà sí Fidjrossè ní Kútọnu. Ẹja yíyan, ẹ̀kọ àti ata gígún ni oúnjẹ alẹ́. Ẹ má wẹ̀ nínú òkun náà o. Ìgbì rẹ̀ lágbára. Kẹ́ ẹ tó jẹun tán, ọ̀nà Calavi á ti fúyẹ́.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ẹ wọlé lọ́jọ́ tó ṣáájú, torí ibodè Sèmè lè gba wákàtí púpọ̀. Ẹ mú ìwé ìrìnnà dání, kẹ́ ẹ ṣẹ́ owó sẹ́fà sí kéékèèké.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jókòó ti àwọn ará ilé lálẹ́ òní, kí kálukú dárúkọ ibi tó fẹ́ rí, kẹ́ ẹ mú méjì, kẹ́ ẹ sì fún méjèèjì ní àkókò tó tọ́ sí wọn.