Ẹni Tí Ó Gba Owó Pamọ́ Kọ́ Ni Ó Ni Ohùn: Ẹ̀kọ́ Inú Ìjà Steem

Bí ènìyàn bá gbé owó rẹ̀ fún aláájọ, ta ni ó ni owó náà? Kò sí ọmọdé tí kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Aláájọ lè ka owó náà, ó lè tọ́jú rẹ̀, ó sì di dandan fún un láti dá a padà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí àwọn ará ọjà bá péjọ láti yan olórí wọn, aláájọ kò lè dìde kí ó ní, nítorí pé owó igba ènìyàn wà ní ọwọ́ òun, ìbò igba ènìyàn ti di ti òun. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn óò bi í pé ta ni ó rán an. Síbẹ̀, irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2020 láàárín àwọn tí ó ní owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí à ń pè ní Steem. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá ń dá owó jọ pẹ̀lú ẹlòmíràn gbọ́ ọ.

Bí Ètò Náà Ti Rí

Oṣù kẹta ọdún 2016 ni Steem bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe owó bébà, kì í sì í ṣe owó irin. Inú ìwé ìṣirò kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú ni ó wà. Ẹni tí ó bá kọ àròkọ, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dìbò fún un, yóò gba èrè láti inú owó tuntun tí ètò náà ń dá sílẹ̀. Àwọn ogún ènìyàn tí à ń pè ní ẹlẹ́rìí ni ó ń ṣe àkóso, ìbò ni a sì fi ń yàn wọ́n. Ìwọ̀n owó tí ènìyàn bá tì pa sínú ètò náà ni ìwọ̀n agbára ìbò rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 13 ni ó sì máa ń gbà á nígbà náà kí gbogbo owó náà tó padà bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹlẹ́rìí 17 nínú 20 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìyípadà òfin kí ó tó fìdí múlẹ̀.

Ìjà Lórí Èrè

Tẹ́lẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún tí a bá pín lórí àròkọ kan, ẹni tí ó kọ ọ́ a máa gba 75, àwọn tí ó dìbò fún un a sì máa gba 25. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n yí i padà sí àádọ́ta-àádọ́ta. Àwọn kan ní èyí yóò mú kí àwọn olùdìbò fara balẹ̀ kàwé kí wọ́n tó dìbò. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni a ti já oúnjẹ gbà fún olówó, nítorí pé ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ ni ìbò rẹ̀ ń mú èrè púpọ̀ wá. Àríyànjiyàn náà le. Ṣùgbọ́n nípa òfin ni ìyípadà náà gbà wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kan ohun ìní ẹnikẹ́ni.

Ìjà Lórí Ìbò

Wàhálà tí ó tú wọn ká wà níwájú. Ilé-iṣẹ́ Steemit, tí ó dá ètò náà sílẹ̀, ti kó owó púpọ̀ jọ fún ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ ni pé fún ìdàgbàsókè gbogbo wọn ni owó náà wà, kì í ṣe fún ìdìbò yan ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n àdéhùn ẹnu lásán ni. Kò sí nínú òfin. Ní oṣù kejì ọdún 2020, Justin Sun, ẹni tí ó dá Tron sílẹ̀, ra Steemit. Ẹ̀rù ba àwọn ẹlẹ́rìí. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n gbìmọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé owó náà, kí ó má baà ṣeé fi dìbò. Sun ní òun ti san owó, ohun tí òun rà ni wọ́n sì dì mọ́ òun lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta, àwọn ilé pàṣípààrọ̀ owó mẹ́ta, Binance, Huobi àti Poloniex, fi Steem tí àwọn oníbàárà fi pamọ́ sí wọn lọ́wọ́ dìbò, gbogbo ogún ẹlẹ́rìí sì bọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan. Àwọn olówó kò mọ̀, a kò sì bi wọ́n. Nígbà tí ariwo ta, Binance àti Huobi fa ìbò wọn padà, ṣùgbọ́n owó tí a ti tì pa kì í tú ní ọjọ́ kan.

Ní ogúnjọ́ oṣù kan náà, àwọn tí inú ń bí ya kúrò, wọ́n sì dá Hive sílẹ̀. Wọ́n fún olúkúlùkù ní iye tí ó ní tẹ́lẹ̀, àyàfi Steemit àti àwọn kan tí ó ti ìhà rẹ̀ lẹ́yìn. Ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún, àwọn tí ó kù ní Steem náà gba owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 23 Steem lọ́wọ́ àwọn onípamọ́ 64.

Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Níbẹ̀

Ta ni ó jàre? Ẹni tí ó bá fi òdodo wò ó yóò rí i pé ìhà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀sùn tí ó tọ́ sí èkejì, kò sì sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn ẹlẹ́rìí bẹ̀rù ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀, wọ́n sì fìyà jẹ ẹni tí kò tí ì ṣẹ̀. Àwọn ilé pàṣípààrọ̀ sọ ohun ìfọkàntán di ohun ìjà. Lẹ́yìn náà ni ìhà méjèèjì sọ ohun ìní ọ̀tá di ohun tí a lè mú. Òfin tí a bá ṣe nígbà tí ìjà ti gbóná, ẹni tí à ń bá jà ni a máa ń ṣe é fún.

Àwọn ará Hive rí èyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n fi lélẹ̀ pé owó tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tì pa kò lè dìbò yan ẹlẹ́rìí títí ọgbọ̀n ọjọ́ yóò fi kọjá. Òfin kékeré ni, ṣùgbọ́n ìbá ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀ bí ó bá ti wà ní oṣù méje ṣáájú.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tí ó bá ní àpò kan jókòó nígbà tí àlàáfíà wà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni ó ní owó, ta ni ó ní ìbò, kí sì ni ẹni tí ó gba owó pamọ́ kò gbọdọ̀ ṣe. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà; ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi ọwọ́ ẹlòmíràn sọ̀yà láìbi í, kì í ṣe àgbájọ mọ́.