Àpò-ìtọ̀ Kò Gbọ́ Òfin Kónílé-ó-gbélé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)

Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni mo gbé wá lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó tì wá lójú, nítorí a kì í fi ìtìjú kárùn.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni a kọ́kọ́ rí àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Nígbà tí ó dẹ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, a kò tún gbà kí ènìyàn rin ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Ọ̀pọ̀ ọsibítù dín ọjọ́ tí àwọn aláìsàn ń ti ilé wá rí dókítà kù, wọ́n sì sún iṣẹ́ abẹ tí kò kánjú síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí dókítà ti ń fi tẹlifóònù bá ọ̀pọ̀ aláìsàn sọ̀rọ̀.

Ìyà náà pọ̀ fún àwọn tí ń gba ìtọ́jú àrùn ìtọ̀. Àgbà ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn àgbà náà sì ni Kòrónà ń pa jù. Dókítà àrùn ìtọ̀ kò sí ní gbogbo ìlú. Ẹni tí ó ń lọ sí Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ tàbí Èkó kò rí ọ̀nà lọ. Àwọn baba wa ní kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Aláìsàn sá fún ọsibítù nítorí Kòrónà, ṣùgbọ́n àrùn tí ó gbé sára bá a sá.

Kì í ṣe gbogbo àrùn ìtọ̀ ni kò lè dúró. Ẹni tí pírọ́sítéètì rẹ̀ wú láìsí jẹjẹrẹ, tí oògùn rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́, lè fi tẹlifóònù bá dókítà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́ta kò gbọdọ̀ dúró. Èkínní ni ẹni tí kò lè tọ̀ rárá: ìtọ̀ tí ó há lè ba kíndìnrín jẹ́. Èkejì ni ẹni tí ó tọ ẹ̀jẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ìbáà má dùn ún: ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí a fi rọ́bà sí lára kí ìtọ̀ lè máa jáde. Rọ́bà náà ní ọjọ́ tí a gbọdọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Irú kan kì í ju bí ọ̀sẹ̀ 4 lọ, òmíràn lè tó ọ̀sẹ̀ 12. Bí ó bá pẹ́ jù, ìdọ̀tí a dì í, ibà òun òtútù a sì wọlé. Kí àwọn wọ̀nyí fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, kí wọ́n sì lọ sí ọsibítù, bí òfin tilẹ̀ wà.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní ìlú òyìnbó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin 1 nínú 8 ni jẹjẹrẹ pírọ́sítéètì ń mú láyé rẹ̀. Nínú àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, 1 nínú 4 ni. Bí ẹ bá ń kí baba yín lórí fóònù, ẹ má dúró lórí “Ṣé àlàáfíà ni?” Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bí wọ́n ti ń tọ̀.

Mo bẹ Ẹgbẹ́ wa kí a ṣe ohun mẹ́ta kí àjàkálẹ̀ mìíràn tó dé. Kí a mọ àwọn àgbà tí ń lo rọ́bà ìtọ̀, kí a sì kọ ọjọ́ ìpààrọ̀ wọn sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Kí a wá nọ́ọ̀sì nítòsí tí ó mọ̀ ọ́n pààrọ̀. Kí olúkúlùkù aláìsàn ní nọ́ńbà tẹlifóònù ibi tí ó ti ń gba ìtọ́jú.

A lè ti ọ̀nà, a lè ti ọjà. A kò lè ti àpò-ìtọ̀. Kí Olódùmarè dá àwọn àgbà wa sí.