Orúkọ Ìlú Wa Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ta Ló Ń Dáhùn Sí I?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé wa ní Victoria Garden City)

Alága ní kí n má pẹ́, n kò sì ní pẹ́.

Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, 2024. Wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ìkẹjà níbí ni kọ̀ǹpútà tó gbé wẹ́ẹ̀bù wa wà, iná wà, nǹkan kan ò ṣe é. Síbẹ̀ àwọn ọmọ wa tó ń wá fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ilé-ìwé ò rí i ṣí. Kí ló fà á? Òkè òkun nìkan ni ìwé orúkọ wa wà. Ẹni tó wà ní Ajah tó ń wá Ìkẹjà ní láti kọ́kọ́ bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè!

DNS ni wọ́n ń pe ètò yẹn. Ẹ̀rọ oríṣi méjì ló wà ńbẹ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ń báni bèèrè kiri, á sì rántí ohun tó gbọ́ fúngbà díẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí wẹ́ẹ̀bù ṣì máa ṣí fáwọn kan láàárọ̀. Nígbà tó dọ̀sán, ó ti gbàgbé. Èkejì ni aláṣẹ, ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé gan-an wà. Ẹni tó fẹ́ mọ ààlà ilẹ̀, ṣé ọlọ́kadà ló máa bi ni, àbí mọ́gàjí ẹbí tó ni ín?

Aláṣẹ yìí la gbé kalẹ̀ ní Èkó báyìí. Kọ̀ǹpútà kékeré ni, NSD la fi sí i, ọ̀fẹ́ ni. NSD kì í bá ẹnikẹ́ni bèèrè kiri. Ohun tó wà níwèé rẹ̀ nìkan ló ń sọ. Fáìlì kan ni ìwé ọ̀hún: ìlà SOA, NS méjì, àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù àti ti ímeèlì. A ṣí pọ́ọ̀tù 53, UDP àti TCP. Àmì ìdánudúró kan ṣoṣo ló fẹ́ pa mí: mo gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn orúkọ, ẹ̀rọ bá tún orúkọ ìlú wa lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ilẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ mọ́ kí n tó rí i.

A ò pa ti òkè òkun tì o. Bí NEPA bá ṣe tiwọn, òun ni yóò máa dáhùn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti tún fáìlì kọ, ẹ fi kún nọ́ńbà inú SOA, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohun àtijọ́ ni tọ̀hún á máa sọ. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó fi dig bi ẹ̀rọ wa. Bó bá rí «aa» nínú èsì, aláṣẹ ló dáhùn.

Ẹ fún mi ní ọ̀dọ́ méjì tí màá kọ́. Ọwọ́ èmi nìkan ni páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà títí dòní, ẹ̀rù ìyẹn sì ń bà mí ju ti wáyà lọ.