Ìwé lẹ́tà àtijọ́ tí ẹ̀dà rẹ̀ kò ju 100 lọ: Ọ̀rọ̀ fún àwọn Yorùbá Zone 4, Abidjan



Àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé lẹ́tà àtijọ́ ni wọ́n ń kó jọ. Kì í ṣe bébà tí ẹni náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ o, ìyẹn ṣọ̀wọ́n, ó sì gbówó lórí. Ìwé tí wọ́n tún lẹ́tà náà tẹ̀ sí ni wọ́n ń rà: bébà òwú tó nípọn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ lò, ẹ̀dà 50 tàbí 100 péré, nọ́ńbà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bó bá jẹ́ ìwé Faransé ni, ojú ìwé tí wọ́n ń pè ní "justification du tirage" ni kí olùrà kọ́kọ́ ṣí. Ibẹ̀ ni iye ẹ̀dà, irú bébà àti nọ́ńbà máa ń wà. Bí ẹ bá rí "H.C." níbẹ̀, ẹ̀dà tí wọn kò tẹ̀ fún títà ni. Ẹni tó bá ní ẹ̀dà díẹ̀ ló wà, tí kò sì rí ojú ìwé yìí fi hàn yín, ẹ fura sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo Ignatius Sancho. Wọ́n fi ṣẹrú ní kékeré nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wá di onísọ́ọ̀bù ní Westminster, tó ń ta tíì, tábà àti ṣúgà. (Ṣúgà tí àwọn ẹrú bíi tiẹ̀ ń ṣe lókè òkun. Ayé yìí!) Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1780. Frances Crew ló kó lẹ́tà tó kọ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, ìwé náà sì jáde ní ìdìpọ̀ méjì lọ́dún 1782. Àwọn tó lé ní 1,100 ló ti forúkọ sílẹ̀ láti rà á, èrè rẹ̀ sì dé ọwọ́ opó rẹ̀, Anne. Ní 1803, ọmọ rẹ̀ William, tó ti di òǹtàwé, tẹ ẹ̀dà karùn-ún jáde fúnra rẹ̀.

Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù nínú lẹ́tà tí Sancho fi ọwọ́ kọ. Ìwé tó pọ̀ nílẹ̀ ló gba ìyókù là.

Bákan náà ni lẹ́tà tí Samuel Ajayi Crowther kọ sí William Jowett ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1837, nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. CMS tẹ̀ ẹ́ lọ́dún náà gan-an, àwọn òpìtàn ṣì ń lò ó. Ká ní ẹ̀dà 50 ni wọ́n tẹ̀, tí olówó 50 sì tì í mọ́lé ńkọ́?

Àwọn ará Èjìgbò ti ń wá ṣòwò ní Abidjan tipẹ́. Kí fóònù tó dé, lẹ́tà ni wọ́n fi ń béèrè ìyàwó, ọmọ àti ilé tí wọ́n ń kọ́. Ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ wà nínú àpótí ìyá yín, kí ikán sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ẹ fi fóònù ya á lónìí. Bówó bá wà, ẹ tẹ 30 lórí bébà tó dára fún ẹbí, kẹ́ ẹ sì gbé ọ̀kan lọ sí Bibliothèque nationale ní Plateau. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ka lẹ́tà náà sétí àwọn àgbà ilé, kí wọ́n sọ ẹni tí orúkọ inú rẹ̀ jẹ́ fún yín.