Ikú Tí Ẹnikẹ́ni Kò Pète: Ọ̀rọ̀ Lórí Pọ́pọ́ọ̀sì àti Dọ́lífìnì Inú Òkun

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Òkè-Ìlèwó, Abẹ́òkúta



Mo mọ̀ pé yóò ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé a pè yín wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀dá inú òkun ní Òkè-Ìlèwó, níbi tí òkun ti jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Odò Ògùn tí ń ṣàn kọjá nínú ìlú wa kì í sinmi títí yóò fi dé ọ̀sà Èkó, àti pé ẹja òkun ń dé orí àtẹ ọjà wa. Ohun tí apẹja ń ṣe létí òkun kàn wá, nítorí àwa ni a ń jẹ ẹja rẹ̀.

Ẹ̀dá tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ nípa rẹ̀ ni pọ́pọ́ọ̀sì. Ó jọ ẹja, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná bí ti ènìyàn. Ó ń lóyún fún nǹkan bí oṣù 10 sí 11, ó ń bí ọmọ kan ṣoṣo, ó sì ń fún un ní ọmú. Ìbátan àbùùbùtán ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà méjì lọ. Ó ń gbé inú òkun Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà, a sì ń rí i létí òkun Mauritania àti Senegal.

Ìbátan rẹ̀ kan ń bẹ tí ó jẹ́ ti òkun wa pàápàá, èyíinì ni dọ́lífìnì abuké. Kò sí ibòmíràn ní ayé tí a lè rí i bí kò ṣe etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, láti Western Sahara títí dé Angola. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kükenthal, ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1892, nígbà tí a mú egungun orí rẹ̀ kan wá láti Cameroon.

Ewu wo ni ó wu wọ́n? Bí àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí tilẹ̀ ń gbé inú omi, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń mí. Apẹja a dẹ àwọ̀n náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ sínú omi bí ògiri, kí ẹja lè há sí i. Pọ́pọ́ọ̀sì tí ó ń lépa ẹja kan náà kì í tètè mọ̀ pé àwọ̀n ń bẹ níbẹ̀. Ó há, kò lè gòkè mí, ó sì kú. Nígbà tí apẹja bá fa àwọ̀n rẹ̀ sókè, òkú ni yóò bá. Ẹnikẹ́ni kò pète ikú náà, síbẹ̀ ikú ni.

Níhìn-ín ni ìwádìí ti wúlò. Pọ́pọ́ọ̀sì a máa sọ ohùn tín-ín-rín tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, gbohùngbohùn rẹ̀ tí ó padà ni ó sì fi ń mọ ibi tí ẹja wà. Àwọn onímọ̀ wòye pé ẹni tí ó gbára lé etí, etí ni kí a ti kìlọ̀ fún un. Ní 1994, ní etí òkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, wọ́n so ẹ̀rọ kékeré tí ń dún mọ́ àwọn àwọ̀n kan, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn yòókù dákẹ́. Àwọ̀n tí ó dákẹ́ mú pọ́pọ́ọ̀sì 25. Èyí tí ń dún mú 2 péré. Ẹja cod tí àwọn apẹja ń wá kò sì dín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń náni lówó, apẹja tí ó ní ọkọ̀ kan àti ọmọ márùn-ún kò sì lè fi àwọ̀n sílẹ̀ nítorí dọ́lífìnì. A kò gbọdọ̀ bú u. Èyí tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù ni pé àṣìṣe lè di òwò. Ní Ghana, àwọn olùwádìí tí wọ́n ń ka dọ́lífìnì ní èbúté rí i pé a ń tà wọ́n fún jíjẹ, a sì tún ń fi ẹran wọn ṣe ìjẹ lẹ́nu ìwọ̀ láti mú àkúrákudà. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2017 sọ irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ nípa dọ́lífìnì abuké, ó sì dárúkọ Nàìjíríà wa pẹ̀lú Guinea, Togo àti Cameroon. Ní ọdún 2017 kan náà ni ẹgbẹ́ IUCN kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n parun. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé gbogbo èyí tí ó kù kò tó 3,000.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Irú pọ́pọ́ọ̀sì kan ń bẹ ní Mẹ́síkò tí a ń pè ní vaquita. Ní 1997, a ṣírò pé nǹkan bí 567 ni ó wà. Lónìí, nǹkan bí 10 ni ó kù. Àwọ̀n tí a dẹ fún nǹkan mìíràn ni ó pa wọ́n.

Kí ni àwa lè ṣe? Ní 2008, àwọn ìjọba péjọ sí Lomé, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti dáàbò bo irú ẹ̀dá wọ̀nyí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè tú àwọ̀n. Ẹni tí ó ní ará tàbí ọ̀rẹ́ létí òkun, kí ó bá a sọ̀rọ̀: bí dọ́lífìnì bá há láàyè, kí ó gé àwọ̀n kí ó sì jẹ́ kí ó lọ; bí ó bá ti kú, kí ó fi tó àwọn olùwádìí létí, nítorí ohun tí a kò kà, a kì í mọ ìgbà tí ó tán. Kí àwa náà má ṣe ra ẹran rẹ̀, kí a má sì ṣe da náílọ́ọ̀nù sínú Odò Ògùn, nítorí òkun ni yóò gbé e lọ.

Ẹni tí kò gbọ́ lè wí pé òun kò mọ̀. Àwa ti gbọ́.