Àrokò Orí Òkun: Yíyan Ẹ̀rọ Akégbàjarè fún Ọkọ̀ Kékeré ní Omi Ilẹ̀ Òkèèrè



Ní ayé àtijọ́, bí Yorùbá bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn, wọn a máa pàrokò ránṣẹ́ sí i. Owó ẹyọ tàbí ìyẹ́ ẹyẹ lè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tí a pa á sí kò bá mọ ẹni tí ó pa á, àdììtú ni yóò jẹ́ lójú rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí jẹ́ àrokò irú mìíràn, èyí tí ọkọ̀ kékeré ń pa láti orí òkun nígbà tí ewu ikú bá dé. Ẹ̀rọ akégbàjarè ni a ó máa pè é. Èrò wa ni pé, fún ẹni tí ń tukọ̀ ní omi ilẹ̀ òkèèrè, orúkọ tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà ṣe pàtàkì tó agbára tí ó wà nínú rẹ̀.

Bí Ẹ̀rọ Náà Ti Ń Ṣiṣẹ́

Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni ó pilẹ̀ ètò tí a ń pè ní Cospas-Sarsat: Kánádà, Faransé, Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́tì ti ìgbà náà. Ní ọdún 1982 ni sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ètò náà gòkè lọ sí òfurufú. Bí a bá tan ẹ̀rọ náà, yóò máa ké lórí ìgbì rédíò 406 MHz, ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Sátẹ́láìtì yóò gbọ́ igbe náà, yóò fi jíṣẹ́ fún ibùdó orí ilẹ̀, ibùdó yóò sì ké sí àwọn adóòlà-ẹ̀mí tí apá òkun náà wà ní ìkáwọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra fún ẹ̀rọ àlòkù olówó pọ́ọ́kú. Àwọn ti àtijọ́ tí ó ń ké lórí 121.5 MHz nìkan kò wúlò mọ́ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2009 ni sátẹ́láìtì ti dẹ́kun gbígbọ́ wọn. Ẹni tí ó gbé irú rẹ̀ lọ sí ojú agbami ń ké sí etí tí ó ti di.

Ti Ọkọ̀ àti Ti Ènìyàn

Oríṣi méjì ni ó wà níwájú ẹni tí ó fẹ́ yàn. EPIRB jẹ́ ti ọkọ̀: ó lè léfòó fúnra rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni omi sì lè tàn láìsí ọwọ́ ènìyàn, ó sì gbọ́dọ̀ lè ké fún wákàtí 48 ó kéré tán. PLB jẹ́ ti ènìyàn: ó kéré, ó ṣeé so mọ́ ẹ̀wù amúniléfòó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ín ni yóò tàn án, tí yóò sì gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè sí ojú ọ̀run. Wákàtí 24 ni a béèrè lọ́wọ́ bátìrì rẹ̀.

Ẹni tí ó gba ọkọ̀ háyà láti rìn lẹ́bàá èbúté lè fi PLB tẹ́ra. Ẹni tí ó ń lọ sí ojú agbami kò gbọdọ̀ fi mọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ọkọ̀ onígbòkun Tapio Lehtinen, ọmọ ilẹ̀ Fínláǹdì tí ń dá tukọ̀ yí ayé ká, rì sí apá gúúsù ìlà-oòrùn Gúúsù Áfíríkà láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀rọ ọkọ̀ náà ké. Àwọn adóòlà-ẹ̀mí Gúúsù Áfíríkà gbọ́. Kirsten Neuschäfer, tí wọ́n jọ ń díje, yí ọkọ̀ tirẹ̀ padà, ó sì rí i nínú ọkọ̀ rọ́bà rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó fún ẹni tí yóò máa wá ẹ̀rọ nísàlẹ̀ àpótí.

Orúkọ Tí Ó Wà Nínú Ẹ̀rọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Nọ́ńbà kan wà nínú igbe ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà orílẹ̀-èdè sì wà nínú rẹ̀. 657 ni ti Nàìjíríà. Nọ́ńbà yìí ni ó ń sọ fún àwọn adóòlà orílẹ̀-èdè tí wọn yóò bi léèrè pé, ‘Ta ni èyí?’ Bí onítọ̀hún bá ti forúkọ sílẹ̀, wọn yóò mọ irú ọkọ̀ náà, àwọ̀ rẹ̀, àti ẹni tí wọn lè pè nílé. Púpọ̀ nínú igbe tí wọ́n ń gbọ́ ni kì í ṣe ti ewu tòótọ́. Ìpè kan sí ilé ń yanjú ọ̀ràn náà. Bí a bá sì gbọ́ nílé pé lóòótọ́ ni lágbájá wà lójú omi, iṣẹ́ á yá.

Ẹ wo ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ta àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tí ó ra EPIRB ní Amẹ́ríkà nítorí pé owó rẹ̀ dínkù. Bí kò bá jẹ́ kí oníṣòwò yí nọ́ńbà inú rẹ̀ padà sí ti àsíá ọkọ̀ rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọn yóò lọ bi léèrè, Amẹ́ríkà kì yóò sì mọ̀ ọ́n rí. Àǹfààní orí iye owó di ìpàdánù wákàtí. Bákan náà ni ẹ̀rọ tí a tà fún ẹlòmíràn láìyí orúkọ padà: ilé ẹni tí ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni wọn yóò pè. Orílẹ̀-èdè tí kò ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ kò ní àwáwí, nítorí pé Cospas-Sarsat ti ṣí ìwé àgbáyé kan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2006.

Ìparí

Kí ẹni tí ń yàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Bí ọwọ́ mi kò bá lè tàn án, ta ni yóò tàn án? Báwo ni ìrànlọ́wọ́ ti jìnnà sí mi tó? Orúkọ ta ni ó ń ké? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lórí omi àjèjì, àwọn tí kò mọ ilé wa ni yóò wá wa. Orúkọ tí a bá fi sílẹ̀ nílé ni wọn yóò fi mọ̀ wá.