Ìpolówó Kọ̀ǹpútà àti Owó Àpò Ẹgbẹ́ Wa



Ẹgbẹ́ fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé wa, nítorí láti ọdún 2015 ni JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe gbogbo ìdánwò rẹ̀. Ìpinnu rere ni. Àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀, bóyá HP ni kí a rà tàbí Dell, ni ó mú wa dìde sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà sọ pé bàrà ni a fi sọ ilẹ̀ Ìbàràpá wa lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀gúsí lọ́jà wa, yóò bù ú sọ́wọ́, yóò bó ẹyọ kan, yóò sì wo inú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ṣeé bó. Ibi tí ojú oníbàárà kò dé yìí gan-an ni ìpolówó ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1991, ilé-iṣẹ́ Intel, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bẹ̀rẹ̀ ìpolówó "Intel Inside". Ó ń bá àwọn tí ń to kọ̀ǹpútà san nínú owó ìpolówó wọn, bí wọ́n bá ti lè fi àmì rẹ̀ hàn. Kò pẹ́ tí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ọpọlọ náà rárá fi ń wá bébà kékeré tí a lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ. HP ń lò ó, Dell náà ń lò ó. Àwọn méjì tí a ń tìtorí wọn jiyàn, ọpọlọ kan náà ni ó sábà ń wà ní orí wọn!

Láàárín ọdún 2006 sí 2009, Apple gbé ọkùnrin méjì jáde lórí tẹlifíṣọ̀n: ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀ dúró fún Mac, ẹni tó wọ kóòtù tí ìyọnu kò jẹ́ kó gbádùn sì dúró fún ẹ̀rọ àwọn yòókù. Ta ni yóò fẹ́ jọ ẹni kejì? Nílé níhìn-ín, Zinox, tí Leo Stan Ekeh gbé jáde ní ọdún 2001, fi àmì náírà sórí kíbọ́ọ̀dù. Èyí wú wa lórí púpọ̀, a kò purọ́. Ṣùgbọ́n àmì náírà kò ní kí bátìrì pẹ́.

Tòkunbọ̀ sì ni púpọ̀ nínú èyí tí owó wa ká. Ẹ̀rọ tuntun ni ìpolówó ń yìn. Òkìkí rẹ̀ kò gbó, bátìrì ti gbó.

Nítorí náà, a bẹ ìgbìmọ̀ pé kí ẹni tó fẹ́ ta ọjà fún wa gbé ẹyọ kan wá sí ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan kí a tó sanwó. Kí ó sọ ẹni tí yóò tún un ṣe ní Igbó-Ọrà tàbí Èrúwà, kí a má baà máa gbé e lọ sí Ìkẹjà. Kí àwọn ọmọ lò ó. Lẹ́yìn náà, kí a yọ wáyà iná, kí a sì máa wo aago.